Ìtumọ̀ “Ikú, Bàbá, Yèyé” nínú Oríkì Ọba

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni mo fẹ́ yẹ̀ wò lónìí. Kò sí ọmọ Yorùbá kan tí ó gbọ́njú tí kò gbọ́ wọn rí: “ikú, bàbá, yèyé”. Àwọn akéwì ààfin ń fi wọ́n ki ọba. Àwọn ìjòyè ń fi wọ́n kí i lórí ìdọ̀bálẹ̀. Àwọn òṣèré a sì máa lò wọ́n nígbàkúùgbà tí ẹnì kan bá dé adé nínú eré. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè pé kí ni wọ́n túmọ̀ sí, ẹnu kì í kò. Ẹlòmíràn a ní kò sí ìtumọ̀ níbẹ̀ rárá, pé kíkí lásán ni.

Èmi kò gbà pé kíkí lásán ni. Orúkọ tí àwọn ènìyàn fi ń pe aláṣẹ wọn a máa sọ ohun tí wọ́n gbà pé ó lè ṣe sí wọn àti ohun tí wọ́n ń retí pé kí ó ṣe fún wọn. Bí a bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí sí apá kan, a ó sọ gbogbo ọba ilẹ̀ wa di apààyàn. Bí a bá túmọ̀ wọn sí apá kejì, a ó fi òróró pa ẹnu ìtàn tí ó korò. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé ó yẹ kí a fi ojú ṣùnnùkùn wò wọ́n.

1. Ibi tí ìṣòro wà

Ìṣòro kìn-ín-ní wà nínú bí a ti to àwọn ọ̀rọ̀ náà. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ ka ohun mẹ́ta pọ̀ yóò fi “àti” tàbí “pẹ̀lú” so wọ́n. Oríkì kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Oríkì a máa to ọ̀rọ̀ orúkọ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn láìsí ọ̀rọ̀ asopọ̀ kankan láàárín wọn. Karin Barber, nínú ìwé rẹ̀ lórí oríkì ní ìlú Òkukù, èyí tí ó jáde ní 1991, fi hàn pé ìpín kọ̀ọ̀kan nínú oríkì lè dá dúró, kí ó sì ní ìtàn tirẹ̀ tí ẹni tí ń kéwì kò ní dúró ṣàlàyé. Bí kò bá sí asopọ̀, olùgbọ́ ni yóò mọ bí ọ̀rọ̀ kan ti ṣe tan mọ́ èkejì. Ibẹ̀ gan-an ni àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìṣòro kejì ni ti àkọtọ́. Àwọn kan a máa kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Àwọn mìíràn a yà wọ́n sọ́tọ̀ láìfi àmì kankan sí àárín. Díẹ̀ ni ó ń fi àmì ìdánudúró díẹ̀ sí i bí mo ti ṣe nínú àkọlé iṣẹ́ yìí. Ìtumọ̀ tí ó wà lọ́kàn ẹni tí ń kọ̀wé ni ó ń kọ, bí kò tilẹ̀ mọ̀.

Ìṣòro kẹta ni èyí tí ó jinlẹ̀ jù. Ọ̀tá ènìyàn ni ikú. Nínú lítíréṣọ̀ Ifá, gẹ́gẹ́ bí Wándé Abímbọ́lá ti ṣàlàyé, ara àwọn ajogun ni Ikú wà, òun ni a sì máa ń kọ́kọ́ dárúkọ kí a tó kan Àrùn, Òfò àti àwọn yòókù wọn. Bàbá àti yèyé ni ó ń bí ènìyàn tí wọ́n sì ń tọ́ ọ. Báwo ni ẹnu kan náà yóò ṣe pe ẹnì kan ṣoṣo ní ikú, kí ó sì pè é ní òbí, láìmí sí àárín?

2. Ìtumọ̀ mẹ́ta tí ó wà nílẹ̀

Bí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ènìyàn, ìtumọ̀ mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Ìtumọ̀ kìn-ín-ní ni pé ọba ni ikú tí í pa bàbá, tí í sì í pa yèyé. Ìyẹn ni pé kò sí ẹni tí ó tóbi jù fún idà rẹ̀, ìbáà ṣe òbí tí ó bí i lọ́mọ.

Ìtumọ̀ kejì ni pé ọba ni bàbá àti yèyé ikú fúnra rẹ̀. Àwọn tí ó gba èyí ń tọ́ka sí bí a ti máa ń fi “bàbá” àti “ìyá” sọ bí nǹkan ti tóbi tó. Ìyáàlù ni olórí ọ̀wọ́ ìlù dùndún. Bí ìyà bá sì pọ̀ jọjọ, a ní bàbá ńlá ìyà ni. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà ni ọba ṣe jẹ́ ikú tí ó ju ikú lọ.

Ìtumọ̀ kẹta ni pé orúkọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a fún ọba lẹ́ẹ̀kan náà: ikú ni, bàbá ni, yèyé sì ni. Èyí ni mo gbà pé ó tọ̀nà. Ṣùgbọ́n kò tó kí n kàn sọ pé mo gbà á. Ẹ jẹ́ kí n mú ẹ̀rí wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

3. Ẹ̀rí gírámà

Bí ọ̀rọ̀ orúkọ méjì bá tẹ̀léra nínú èdè wa, ọ̀nà pàtàkì méjì ni wọ́n lè gbà tan mọ́ra. Ní ọ̀nà àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ kejì ni ó ni ti ìṣáájú, tàbí kí ó sọ irú èyí tí ó jẹ́. Bí a bá wí pé “ilé Bọ́lá”, Bọ́lá ni ó ni ilé. Bí òwe bá ní ikú ogun ní í pa akínkanjú, tí ikú odò sì í pa òmùwẹ̀, “ogun” àti “odò” ń sọ irú ikú tí ó jẹ́. Ní ọ̀nà kejì, ẹnì kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ń tọ́ka sí. Bí a bá wí pé “Ọba Ládìgbòlù”, kì í ṣe pé Ládìgbòlù ni ó ni ọba. Ládìgbòlù gan-an ni ọba náà. Èyí ni àwọn onígírámà ń pè ní ẹ̀yán alálàjẹ́.

Lójú ìwé, kò sí ìyàtọ̀ láàárín ọ̀nà méjèèjì. Ṣùgbọ́n etí mọ̀ ọ́n. Ayọ̀ Bámgbóṣé nínú ìwé gírámà rẹ̀ ti 1966, àti àwọn onígírámà mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, ti ṣàlàyé pé bí ọ̀rọ̀ kejì bá jẹ́ oní-nǹkan, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kọ́ńsónáǹtì, fáwẹ̀lì tí ó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ìṣáájú a máa gùn sí i, àfikún náà a sì gba ohùn àárín. “Ilé Bọ́lá” ni a ń kọ, ṣùgbọ́n “ilé e Bọ́lá” ni ẹnu ń pè. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yán alálàjẹ́ ni, àfikún yìí kì í sí. Ẹ wo “Bàbá Táíwò”. Bí mo bá pè é ní “Bàbá a Táíwò”, ọkùnrin tí ó bí Táíwò ni mo ń sọ. Bí mo bá pè é láìfa fáwẹ̀lì náà gùn, àgbàlagbà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Táíwò ni mo ń fi ọ̀wọ̀ pè.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ wa sórí òṣùwọ̀n yìí. Bí ìtumọ̀ kìn-ín-ní bá tọ̀nà, ohun tí à bá máa gbọ́ ni “ikú u bàbá”. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ so “bàbá” mọ́ “yèyé” bí ohun tí yèyé ni, “bàbá a yèyé” ni à bá gbọ́. Kò sí èyí tí a ń gbọ́ nínú méjèèjì. Ohun tí àwọn ènìyàn ń pè ni ìró mẹ́fà tí ó mọ́lẹ̀ gẹ́rẹ́: i-kú-bà-bá-yè-yé. Onílù pàápàá lè ràn wá lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi dùndún sọ “ikú u bàbá” yóò ní láti fi ìró ohùn àárín kan kún un lẹ́yìn “ikú”. Bí kò bá fi í kún un, ọ̀rọ̀ mìíràn ni ó ń sọ.

Mo mọ̀ pé ẹni tí ń yára sọ̀rọ̀ a máa gbé fáwẹ̀lì àfikún yìí mì nígbà mìíràn. Nítorí náà, ẹ̀rí etí nìkan kò lè dá ẹjọ́ náà. Ṣùgbọ́n kíkí ọba kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń yára sọ. A máa ń fa ohùn rẹ̀ ni, a sì máa ń sọ ọ́ pẹ̀lú ìfarabalẹ̀. Bí àfikún náà bá wà níbẹ̀ ní ti tòótọ́, ibi tí à bá ti gbọ́ ọ nìyẹn.

Ní ti ìtumọ̀ kejì, ètò ọ̀rọ̀ kò gbè é. Nínú gbogbo àpẹẹrẹ tí a ti ń fi “bàbá” tàbí “ìyá” sọ títóbi, ọ̀rọ̀ yìí ni ó ń ṣáájú: bàbá ńlá ìyà, ìyáàlù. Bí ó bá ṣe pé bàbá ikú ni akéwì fẹ́ pe ọba, “bàbá ikú” ni yóò wí. Kò ní ìdí tí yóò fi yí i padà.

4. Kí ló dé tí ó fi jẹ́ “yèyé”?

Ìbéèrè kan wà tí n kò tí ì gbọ́ kí a máa bèèrè tó bí ó ti yẹ. Kí ló dé tí akéwì kò fi lo “ìyá”? Ní Ọ̀yọ́ àti ní ọ̀pọ̀ ibi tí èdè wọn sún mọ́ ti Ọ̀yọ́, “ìyá” ni ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Lọ́dọ̀ àwọn Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì ni “yèyé” ti jẹ́ ọ̀rọ̀ inú ilé. Níbi tí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ inú ilé, ó di ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀: a ń pe Ọ̀ṣun ní Yèyé, a sì ń fi Yèyé jẹ oyè. A lè wí nígbà náà pé ọ̀wọ̀ ni ó fà á. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀.

Ẹ dán an wò, kí ẹ fi “ìyá” rọ́pò rẹ̀: “ikú, bàbá, ìyá”. Ohun tí etí yóò kọ́kọ́ mú ni “bàbá ìyá”, èyí tí í ṣe bàbá tí ó bí ìyá ẹni. Nítorí pé fáwẹ̀lì ni ó bẹ̀rẹ̀ “ìyá”, kò sí àfikún ohùn àárín tí yóò fi ìyàtọ̀ hàn. Olùgbọ́ yóò rò pé bàbá-àgbà ni à ń sọ. Kọ́ńsónáǹtì tí ó bẹ̀rẹ̀ “yèyé” ni ó lé ìdàrúdàpọ̀ yìí lọ: níwọ̀n ìgbà tí a kò ti gbọ́ “bàbá a yèyé”, a mọ̀ pé orúkọ ọ̀tọ̀ ni yèyé.

Ẹ̀wẹ̀, ẹ tẹ́tí sí ìró wọn. “Bàbá” pe sílébù kan lẹ́ẹ̀mejì, ohùn ìsàlẹ̀ sí òkè. “Yèyé” náà pe sílébù kan lẹ́ẹ̀mejì, ohùn ìsàlẹ̀ sí òkè. Ìbejì ni wọ́n nínú ìró. “Ìyá” ní ohùn kan náà pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n kò ní àwítúnwí sílébù. Akéwì tí ó yan “yèyé” fi ìró gbé bàbá àti yèyé sí ipò kan náà, ó sì fi “ikú” síwájú wọn ní òun nìkan. Bí ẹni méjì tí ó jọra bá tẹ̀lé ẹnì kan tí kò jọ wọ́n ni ó rí. Ètò ìró yìí pẹ̀lú ń jẹ́rìí pé ọ̀wọ́ orúkọ ni a ń tò.

5. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ń bá a rìn

Kò dára kí a fa ọ̀rọ̀ yọ kúrò láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kí a tó túmọ̀ rẹ̀. “Ikú, bàbá, yèyé” kì í sábà dá rìn. A máa ń gbọ́ ọ pẹ̀lú “Kábíyèsí”, “aláṣẹ” àti “èkejì òrìṣà”. Àlàyé tí ó gbajúmọ̀ jù lọ lórí “Kábíyèsí” ni pé ó wá láti inú “ká bi í kò sí”: kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè. “Aláṣẹ” ni ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Èkejì òrìṣà” ni ẹni tí ipò rẹ̀ tẹ̀lé ti òrìṣà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn ni ó ń dá dúró tí ó sì ń tọ́ka sí ọba kan náà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ni èkejì. Bí àwọn ìṣáájú bá jẹ́ orúkọ tí a to tẹ̀léra, ohun tí ó bá ọgbọ́n mu ni pé orúkọ tí a to tẹ̀léra náà ni ikú, bàbá àti yèyé.

Ẹ sì kíyè sí ohun kan nínú “èkejì òrìṣà”. Ẹni tí a bá pè ní èkejì, a ti sọ fún un pé ẹnì kan ṣáájú rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ìyìn kan náà tí a fi gbé ọba ga ni a ti fi ààlà sí i.

6. Ẹ̀rí ìtàn

Ó kù kí a béèrè bí orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe bá ìgbésí ayé ọba mu. Mo mú Ọ̀yọ́ ṣe àpẹẹrẹ nítorí pé Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897, tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, kọ púpọ̀ sílẹ̀ nípa ààfin ibẹ̀.

Pé ọba jẹ́ ikú kò jẹ́ àfiwé lásán láyé àtijọ́. Àwọn Tẹ̀ẹ̀tú wà ní ààfin Ọ̀yọ́ tí wọ́n ń ṣọ́ ọba, tí wọ́n sì ń bẹ́ orí ẹni tí ọba bá dá lẹ́bi ikú. Ṣùgbọ́n ikú kì í ti ọwọ́ ọba jáde nìkan. Ó tún yí ìtẹ́ rẹ̀ ká. Àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì, tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn, ní agbára láti kọ Aláàfin, Aláàfin tí wọ́n bá sì kọ̀ kò gbọdọ̀ wà láàyè mọ́. Ní ayé Baṣọ̀run Gáà, láti nǹkan bí 1754 títí di 1774 tí Aláàfin Abíọ́dún ṣẹ́gun rẹ̀, ọba tí ó ju ọ̀kan lọ ni ó bá ọ̀nà yìí lọ. Àṣà kan sì wà pé bí Aláàfin bá wàjà, Àrẹ̀mọ rẹ̀ gbọdọ̀ bá a kú. Aláàfin Àtìbà ni ó fẹ́ kí àṣà náà dópin, kí Adélù ọmọ rẹ̀ lè jọba lẹ́yìn rẹ̀. Kúrunmí ti Ìjàyè kọ̀ láti gba Adélù ní ọba, ìyẹn sì wà lára ohun tí ó fa ogun Ìjàyè láti 1860 sí 1862. Nítorí náà, ẹni tí ó pe ọba ní ikú kò parọ́, ṣùgbọ́n ikú tí ó ń sọ ní ojú méjì.

Èdè wa pàápàá gbà pé ikú ni ọba. A kì í sọ pé ọba kú; a ní ó wàjà. Ta ni yóò pa ikú?

Ibo ni bàbá àti yèyé ti wọlé? Johnson kọ ọ́ pé kò tọ́ kí Aláàfin ní ìyá tí ó bí i lórí ilẹ̀ ayé. Bí ìyá rẹ̀ bá ṣì wà láàyè nígbà tí oyè kàn án, wọn a ní kí ó lọ sùn, a sì yan ìjòyè obìnrin kan ní Ìyá Ọba dípò rẹ̀. Àwọn tí ó fara mọ́ ìtumọ̀ kìn-ín-ní lè di èyí mú pé: ẹ ò rí i, ọba ni ikú yèyé rẹ̀! Èmi rí i ní ọ̀nà mìíràn. Ìyá ọba nìkan ni àṣà yìí kàn. Kò sọ ohunkóhun nípa pípa bàbá. Ṣùgbọ́n ó fi ohun tí ìlú ń fẹ́ hàn kedere. Ìlú kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà tí ọba yóò máa kúnlẹ̀ fún gẹ́gẹ́ bí ọmọ. Láti ọjọ́ tí ó ti dé adé, àgbà tí ó jù ú lọ ní ogójì ọdún yóò dọ̀bálẹ̀ fún un. Kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tí kò ní bàbá tí kò sì ní yèyé mọ́ ni ìlú sọ di bàbá àti yèyé gbogbo wọn. Ohun tí a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni a fi jẹ ẹ́ lóyè.

Bí a bá wò ó báyìí, a ó rí ìdí tí ọkùnrin tí ó ní irùngbọ̀n fi ń jẹ́ yèyé. Kì í ṣe àwàdà, kì í sì ṣe pé akéwì kò mọ akọ yàtọ̀ sí abo. Iṣẹ́ ni ó ń kà sí i lọ́rùn. Bàbá ni a ń sá tọ̀ bí ọ̀tá bá dé. Yèyé ni a ń sá tọ̀ bí ebi bá dé. Ìlú fẹ́ méjèèjì lára ẹnì kan.

7. Ìkádìí

Èrò tèmi nìyí. Orúkọ mẹ́ta ni “ikú, bàbá, yèyé”. Gírámà, ìró, àwọn ọ̀rọ̀ tí ó bá a rìn àti ìtàn ni ó ń jẹ́rìí sí i. Ó yẹ kí a máa fi àmì sí àárín wọn nígbà tí a bá ń kọ wọ́n, kí ẹni tí ó bá sì fẹ́ túmọ̀ wọn sí èdè mìíràn má ṣe so wọ́n pọ̀ ní ọ̀nà tí yóò sọ òbí di òkú.

Mo mọ̀ pé àwọn kan wà tí ń fo “ikú” nísinsìnyí nítorí pé ó ń bà wọ́n lẹ́rù láti fi í pe ènìyàn. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fò ó. Òwe wa ní ọba kì í pa ọ̀kọrin. Akéwì tí ó dúró níwájú ọba tí ó pè é ní ikú ti sọ fún un ní gbangba pé: a mọ ohun tí o lè fi wá ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó wá sọ fún un pé: bàbá wa ni ọ́, yèyé wa sì ni ọ́. Bí a bá yọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú kúrò, ìyókù di ẹ̀bẹ̀ lásán, nítorí pé ẹni tí kò lè pani kò ṣe oore kankan bí ó bá dá ẹ̀mí ẹni sí. Bí a bá sì dá “ikú” nìkan sọ, a ti jẹ́ kí ọba gbàgbé gbèsè tí ó jẹ wá.

Lónìí, àṣẹ àti pa ènìyàn ti kúrò lọ́wọ́ ọba. Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 kò fi í lé ọba kankan lọ́wọ́; ilé ẹjọ́ nìkan ni ó lè dá ènìyàn lẹ́jọ́ ikú. Ẹlòmíràn lè wí nígbà náà pé orúkọ náà ti di òfìfo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú orúkọ mẹ́ta tí a ń fi kí ọba, ọ̀kan ni ìjọba gbà. Méjì tí ó kù, kò sí ìjọba tí ó lè gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá jù wọ́n sílẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ó yẹ kí ẹni tí ó ń kí ọba, àti ọba tí a ń kí, mọ ohun tí ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wí.